Ẹyin Abo, Láti Inú Oyún Dé Inú Àwo

Gbogbo ẹyin tí ewúrẹ́ kan yóò lò láyé rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó bí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àgùntàn, fún màlúù àti fún obìnrin. Akọ ń pèsè àtọ̀ tuntun lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ogbó, ṣùgbọ́n abo kì í fi ẹyọ kan kún èyí tó gbé wáyé; ṣe ni iye rẹ̀ ń dín. Nígbà tí oyún ọmọbìnrin bá wọ oṣù karùn-ún, sẹ́ẹ̀lì ẹyin tó wà nínú ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì máa ń tó mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje. Nígbà tí wọ́n bá fi bí i, ó ti kù sí mílíọ̀nù kan tàbí méjì. Kó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́, ó ti wálẹ̀ sí 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo èyí, ẹyin tí yóò já lára rẹ̀ títí nǹkan oṣù yóò fi dá kì í sábà ju 400 tàbí 500 lọ. Ti màlúù ò yàtọ̀: ó ń lé ní mílíọ̀nù méjì nígbà tí abo ọmọ màlúù ṣì wà nínú oyún, ó sì ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 130,000 nígbà tí wọ́n bá bí i. Àwọn yòókù ń kú sínú ilé ẹyin, ara ìyá wọn a sì gbà wọ́n padà láìṣe é ní ibi kankan. Orí àwọn ẹyin tí ìbá ṣègbé lọ́nàkọnà wọ̀nyí ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ ìbímọ dúró lé. Kò sí oníṣègùn tó ń dá ẹyin. Èyí tó fẹ́ kú ló ń yọ.

Ẹni tó bá gbọ́ ẹyin, tó wá ń ro ẹyin adìẹ, yóò ṣìnà. Ẹyin adìẹ gbé oúnjẹ ọmọ dání. Ẹyin abo tó ń fún ọmọ lọ́mú kò nílò ìyẹn, nítorí inú ilé ọmọ lọ́mọ yóò ti máa jẹun. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a bá to mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gígùn wọn kò ní fi púpọ̀ ju mìlímítà kan lọ. Kíkéré yìí ló jẹ́ kó pamọ́ fáwọn onímọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1672, Regnier de Graaf, ará Netherlands, ṣàpèjúwe àwọn àpò olómi tó yọ lójú ilé ẹyin, ó sì rò pé àwọn gan-an ni ẹyin. Ó di 1827 kí Karl Ernst von Baer tó la irú àpò bẹ́ẹ̀ lára ajá, tó wá rí ẹyin fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹyin kì í dá gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló yí i ká, àwọn ló ń bọ́ ọ, àwọn ló sì ń gbé ìròyìn ara ìyá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá ń sinmi, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n. Tó bá jí, wọn a di ọ̀pọ̀ ìlà, omi a kó jọ sáàárín wọn, àpò ẹyin a sì máa wú, nígbà tí ẹyin náà yóò fi awọ kan tó nípọn bo ara rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Nínú obìnrin, ó ń sún mọ́ ọdún kan láti ìgbà tí ẹyin bá jí lóorun dé ìgbà tó máa já; nínú màlúù, ó ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Èyí ló fà á tí ebi tó pa màlúù láàárín ẹ̀ẹ̀rùn fi lè hàn lára ẹyin tó já lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀, tí koríko ti hù káàkiri pápá Ọ̀yọ́, tí awọ ẹran sì ti ń dán. Olówó ẹran tó bá wo awọ nìkan, tó ní ẹran òun ti yó, á máa ṣe kàyéfì ìdí tí kò fi lóyún.

Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ní kírómósóòmù 46. Ti ewúrẹ́ àti ti màlúù jẹ́ 60, ti àgùntàn jẹ́ 54. Ẹyin gbọ́dọ̀ dín tirẹ̀ kù sí ìdajì kó tó lè gba ìdajì tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ. Ìgbà tí abo ṣì wà nínú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀ ìpín yìí, àmọ́ kò parí rẹ̀. Ó dúró gbọnin lágbedeméjì. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù díẹ̀ nínú ewúrẹ́, fún ọdún mélòó kan nínú màlúù, fún ogójì ọdún nínú obìnrin. Ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ bá pé, họ́mọ̀nù kan yóò rú jáde lábẹ́ ọpọlọ, ẹyin yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ: yóò kó ìdajì kírómósóòmù rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì bíńtín kan, yóò sì tì í síta, kí oúnjẹ tó kó jọ má baà pín sí méjì. Lẹ́yìn èyí, yóò tún dúró lẹ́ẹ̀kejì. Àfi ìgbà tí àtọ̀ bá wọlé ni yóò tó parí ìpín tó kù. Ẹyin tí kò rí àtọ̀ kì í parí iṣẹ́ rẹ̀ láé.

Ìdádúró gígùn yìí ni gbòǹgbò wàhálà ọjọ́ orí. Àwọn ohun tó so kírómósóòmù méjì-méjì pọ̀ ń gbó bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nígbà tí ìpín bá sì dé, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan yóò gba púpọ̀ jù, èkejì yóò gba díẹ̀ jù. Nínú obìnrin, èyí ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 35, oyún tó ń bàjẹ́ àti ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn Down náà sì ń pọ̀ sí i. Obìnrin ẹni ọdún 42 lè lera ju ẹni ọdún 25 lọ, kí ara rẹ̀ sì máa jọ̀lọ̀. Ẹyin rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹni ọdún 42.

Ta ló ń pinnu ọjọ́ tí ẹyin máa já? Ọpọlọ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kókó kékeré tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ ló sì ń tú họ́mọ̀nù méjì sínú ẹ̀jẹ̀. FSH ń mú kí àpò ẹyin mélòó kan máa wú papọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á borí. Họ́mọ̀nù tí òun fúnra rẹ̀ ń tú jáde á mú kí FSH wálẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì rọ. LH ló máa wá rú lójijì, tí yóò mú kí ẹyin gbó, kí àpò náà sì bẹ́. Ojú ibi tí ẹyin ti já á di kókó kan tó ń pèsè progesterone, họ́mọ̀nù tó ń tọ́jú ilé ọmọ fún oyún. Bí oyún kò bá dé, ilé ọmọ màlúù tàbí ti ewúrẹ́ yóò tú prostaglandin sí kókó náà, yóò pa á run, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú títì ni ènìyàn ti lè rí apá kan nínú èyí. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, tó ń rìn láti agbolé dé agbolé, ń wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn. Yóò máa ké, yóò máa ju ìrù, ojú ara rẹ̀ á wú, a sì pọ́n. Òórùn òbúkọ tí gbogbo ènìyàn ń dímú fún sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí a bá ya òbúkọ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí a wá dá a padà sáàárín àwọn abo tí kò wá akọ mọ́, òórùn rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ lè mú kí LH rú nínú púpọ̀ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo abo ló ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. Ehoro kì í já ẹyin àfi tí akọ bá gùn ún. Ẹyin rẹ̀ á já ní nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ológbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sin ọ̀yà sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ rí. Ajá tún yàtọ̀ pátápátá: ẹyin rẹ̀ ń já nígbà tí kò tíì gbó, ó sì ń lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó lè gba àtọ̀.

Nígbà míì, ẹyin tó borí kì í jẹ́ ẹyọ kan. Nínú ewúrẹ́ kúkúrú, méjì kì í ṣe ìyanu, mẹ́ta náà ń ṣẹlẹ̀. Nínú ènìyàn, ilẹ̀ Yorùbá ló gba ipò kìíní lágbàáyé. Oníṣègùn Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣèwádìí lé ìbejì lórí ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Láàárín 1972 sí 1982, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbejì 45 sí 50 ló wà nínú ìbímọ 1,000, ìlú Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá sì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ẹyin kan tó pín sí méjì, bí kò ṣe ẹyin méjì tó já lẹ́ẹ̀kan náà. Nylander tún rí i pé FSH pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó bí ìbejì ju ti àwọn tó bí ẹyọ kan lọ. Àwọn ará Igbó-Ọrà ń tọ́ka sí àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwádìí tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ àjogúnbá láti ìdílé sì lágbára púpọ̀ nínú rẹ̀.

Màlúù ni kì í fẹ́ ìbejì. Tó bá bí akọ àti abo papọ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé nínú olóbi, ohun tí akọ tú sínú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í sì jẹ́ kí ilé ẹyin abo dàgbà bó ṣe yẹ. Irú abo bẹ́ẹ̀, ó lé ní 90 nínú 100, kò ní bímọ láyé. Ewúrẹ́ kì í sábà ní ìṣòro yìí.

Ìrànlọ́wọ́ ìbímọ tó ti pẹ́ jù ni fífi àtọ̀ sínú abo láìsí pé akọ gùn ún. Lazzaro Spallanzani, àlùfáà ará Ítálì, ti ṣe é fún ajá ní nǹkan bí 1780. Ohun tó sọ ọ́ di òwò ni àwárí tí Chris Polge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní England ní 1949, pé tí a bá fi glycerol sí àtọ̀, a lè dì í bíi yìnyín, kó sì jí padà. Láti ìgbà náà, akọ màlúù kan lè bímọ sí ilẹ̀ tí kò dé rí, kódà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àtọ̀ náà ń gbé inú náítírójìnì olómi tí òtútù rẹ̀ tó 196 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ìdí tí èyí fi kan àgbègbè Ọ̀yọ́ ni wàrà. Ní Fáṣọlá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, ni oko ẹran ìjọba wà láti ayé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti sin màlúù Ǹdámà tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Guinea, tó sì lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń fà. Iléeṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO náà ti ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran Fúlàní ní agbègbè náà. Màlúù funfun tí púpọ̀ nínú wọn ń dà kì í sábà fún olówó rẹ̀ ju lítà kan tàbí méjì lọ lóòjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tirẹ̀. Abo màlúù Friesian ní Yúróòpù lè fún olówó tirẹ̀ ní lítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè gbé oòrùn àti eégbọn ibí. Àbọ̀ọ̀bọ̀, ọmọ tí àtọ̀ Friesian bá bí fún abo ilẹ̀ wa, ni ohun tí wọ́n ń wá: ẹran tó ní wàrà díẹ̀ sí i, tó sì lè rìn nínú oòrùn Ìsẹ́yìn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ ni àkókò. Màlúù ń wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn, ẹyin rẹ̀ ń já ní wákàtí 25 sí 30 lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹyin náà kì í sì wúlò ju wákàtí 12 sí 24 lọ lẹ́yìn tó bá já. Màlúù oníké bíi tiwa kì í pẹ́ lórí wíwá akọ, òru ni ó sì sábà ń ṣe é, nígbà tí olùṣọ́ ti sùn. Àmì tó dájú jù ni pé yóò dúró jẹ́ẹ́ tí màlúù míì bá gùn ún. Ìlànà àwọn tó mọṣẹ́ ni pé èyí tí a bá rí láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ la ó fi àtọ̀ sí i. Èyí tí a bá rí nírọ̀lẹ́, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni. Kí wọ́n má sì fi àtọ̀ akọ ńlá sínú ẹgbọrọ abo kékeré, pàápàá ìran màlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní Mùtúrù, nítorí ọmọ lè há sí i nídìí.

Abẹ́rẹ́ prostaglandin wà fún ẹni tí kò lè ṣọ́ òru. Tí wọ́n bá gún un fún agbo lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ 11 síra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò wá akọ láàárín ọjọ́ mélòó kan náà. Ewu rẹ̀ kò kéré: màlúù tó ti lóyún yóò ṣẹ́ ẹ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé dókítà ẹranko ti yẹ oyún wò. Aboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oògùn yìí rárá; ó ń gba awọ ara wọlé.

Fífi àtọ̀ sí abo ń jẹ́ kí akọ rere bímọ púpọ̀. Gbígbé ọlẹ̀ láti inú abo kan sí òmíràn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún abo. Walter Heape ṣe é fún ehoro ní 1890. Ọmọ màlúù àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lọ́nà yìí dé ní 1951, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gún abo tó dára ní FSH lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí àwọn àpò ẹyin tí ìbá rọ lè wú. Wọn a fi àtọ̀ sí i, ní ọjọ́ keje wọn a fi omi ṣan ọlẹ̀ jáde nínú ilé ọmọ láìṣe iṣẹ́ abẹ, wọn a sì pín wọn fún àwọn abo gbàtọ́ tí ọjọ́ wọn bá tirẹ̀ mu. Abo gbàtọ́ kò ní láti jẹ́ ẹran olówó ńlá. Ilé ọmọ tó dára àti wàrà tó tó ọmọ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mímú kí ẹyin gbó àti síso rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara. Ní 1935, Gregory Pincus àti Enzmann ṣàfihàn pé tí a bá yọ ẹyin ehoro kúrò nínú àpò rẹ̀, ìpín tó ti dúró yóò tẹ̀síwájú fúnra rẹ̀. Àṣé àpò ẹyin gan-an ló ń dá a dúró. Min Chueh Chang rí ọmọ ehoro láti inú àwo ní 1959, ọmọ màlúù àkọ́kọ́ láti inú àwo sì dé ní 1981. Lónìí, púpọ̀ nínú ẹyin tí wọ́n fi ń ṣèwádìí yìí ń wá láti ilé ìpẹran. Wọn a gbé ilé ẹyin màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́, wọn a fi abẹ́rẹ́ fa ẹyin jáde, wọn a jẹ́ kó gbó fún nǹkan bí wákàtí 24 nínú ooru 38.5, wọn a da àtọ̀ sí i, lẹ́yìn ọjọ́ keje ọlẹ̀ á ṣe é gbé. Ní ilé ìpẹran ní Ìbàdàn, kì í ṣe ohun tuntun kí alápatà la inú màlúù kó bá oyún. Ilé ẹyin a sì bá ìfun àti ìgbẹ́ lọ. Àdánù tó tó báyìí, ní orílẹ̀-èdè tó ń ra wàrà lẹ́bú láti òkè òkun, yẹ kó dun èèyàn.

Ohun tí wọ́n kọ́ lára ehoro àti màlúù ni wọ́n mú dé ọ̀dọ̀ obìnrin. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi bí Louise Brown ní Oldham ní England, ní July 25, 1978. Edwards gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010, nígbà tí àwọn méjì yòókù ti kú. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Aṣírù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Èkó: ní 1984 wọ́n rí oyún àkọ́kọ́, ní 1989 wọ́n gbẹ̀bí ọmọ. Àwọn obìnrin tí ọ̀nà ẹyin wọn ti dí ni wọ́n kọ́kọ́ dá ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní IVF, sílẹ̀ fún, dídí yìí sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nítorí àrùn tí a kò tọ́jú, oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ àti ìbímọ tí kò mọ́tótó. Láti 1992 ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń gún àtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo sínú ẹyin, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní Brussels, ti ń ran ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ kò tó lọ́wọ́. Ó yẹ kí ìdílé tó ń pe ìyàwó ní àgàn rántí pé nínú ìdajì ọ̀ràn àìrọ́mọbí tàbí kó sún mọ́ ọn, ọwọ́ ọkọ wà nínú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ FSH fún obìnrin ń gba ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo bí àpò ẹyin ṣe ń wú. Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ló ń ṣe iṣẹ́ LH. Ní wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn rẹ̀, kí àpò tó bẹ́, wọn a fa ẹyin jáde, wọn a sì so ó pọ̀ mọ́ àtọ̀. Ọlẹ̀ á padà sínú ìyá ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún. Ewu tó yẹ kí obìnrin bèèrè nípa rẹ̀ ni ti ilé ẹyin tó wú kọjá ààlà, tí omi fi ń kún ikùn. Ó lè le débi pé ó máa gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn. Ẹyin tí wọ́n fà kò dín èyí tó kù fún un kù, nítorí àwọn tí ìbá kú lóṣù náà ni wọ́n.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ìsìn ẹran àti ìlera ẹran, ìmọ̀ tó pọn dandan fún iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sílùú. Ohun tó wọ́n ni náítírójìnì olómi tó ń dé lásìkò àti iná tí kì í lọ: ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ooru àpótí tí wọ́n ń tọ́ ọlẹ̀ sí bá wálẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Nítorí náà, fún agbo tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn lónìí, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn, ìwé tí a ń kọ ọjọ́ tí màlúù wá akọ sí, àti àtọ̀ tó dára ló yẹ kó ṣáájú. Gbígbé ọlẹ̀ lè tẹ̀ lé e ní oko ìwádìí. Ẹni tó bá ń ta àlá ọmọ inú àwo fún darandaran tí kò tíì ní ìwé àkọsílẹ̀ ń tà á lóhun tí kò nílò.

Iye ẹyin tí abo gbé wáyé ni ààlà tí gbogbo ọgbọ́n yìí kò tíì kọjá, àfi nínú eku. Ní Japan, Katsuhiko Hayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú sẹ́ẹ̀lì eku, wọ́n tọ́ ọ di ẹyin, àwọn ẹyin náà sì bí eku tó yè. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2012 àti ní 2016. Títí di báyìí, kò tíì sí ọmọ ènìyàn tàbí ọmọ màlúù kankan tí wọ́n bí láti inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀.